Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Páìpù Tó Ti Gbó Lábẹ́ Ọgbà Ìgbafẹ́

Bí ènìyàn bá wọ ọgbà ìgbafẹ́ kan ní ìlú Kútọnu, ohun tí ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí ni igi, koríko, àga ìjókòó àti àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á wá ẹ̀rọ omi. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, á wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń lo nǹkan méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ni ohun tó ń mú wọn ṣiṣẹ́ wà. Páìpù kan ń gbé omi mímu wọlé. Páìpù kejì ń gbé omi ẹ̀gbin jáde. Nígbà mìíràn, àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà á gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo, wọ́n á sì tẹ́ páìpù méjèèjì sínú rẹ̀ kí owó lè dínkù. Nígbà tí páìpù ṣì jẹ́ tuntun, kò sẹ́ni tó máa rí àléébù rẹ̀. Ìgbà tó bá gbó ni ọ̀ràn máa ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò wo bí páìpù tó ti gbó ṣe ń fa àìsàn, àti bí a ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní oko, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú nìkan nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé yín, ọjà yín àti ilé ìwòsàn yín ní ẹ̀rọ omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ọgbà kan náà.

Ibi tí Kútọnu jókòó sí

Orí iyanrìn ni Kútọnu wà, láàárín òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà Nokoué. Ní 1885, àwọn Faransé la ọ̀nà omi láti inú ọ̀sà náà lọ sí òkun, kí àkúnya omi má baà máa bo ibùdó wọn. Ọ̀nà omi yìí ló pín ìlú sí apá méjì títí di òní, ibẹ̀ náà sì ni omi iyọ̀ ń gbà wọ inú ọ̀sà. Ní àwọn àdúgbò tó wà ní kòtò, bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ ní ìgbà òjò, omi lè yọ kí ẹ tó gbẹ́ ẹ dé orúnkún. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ páìpù ìlú yìí kò sùn sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Inú omi ni wọ́n sùn sí, omi náà sì lè ní iyọ̀ àti ẹ̀gbin nínú.

Omi ẹ̀rọ Kútọnu kì í ṣe omi ìtòsí yìí. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fà á láti inú àwọn kànga jíjìn ní Godomey, ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú. Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ SBEE ló ń bójú tó omi àti iná mànàmáná pọ̀. Ní 2003, ìjọba ya iṣẹ́ omi sọ́tọ̀, wọ́n sì dá SONEB sílẹ̀ fún un. Kí omi tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n máa ń fi kiloríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀. Nítorí náà, bí omi ẹ̀rọ bá di ẹlẹ́gbin, ojú ọ̀nà ló ti sábà máa ń bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ti omi ẹ̀gbin yàtọ̀. Yàtọ̀ sí ibi díẹ̀, Kútọnu kò ní páìpù ńlá tó ń kó ìgbẹ́ gbogbo ìlú lọ sí ojú kan. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní kòtò onísìmẹ́ńtì tirẹ̀. Bí ó bá kún, ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ á wá fà á. Ní 1994, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ SIBEAU bẹ̀rẹ̀ sí gba ìgbẹ́ yìí ní Ekpè, ní agbègbè Sèmè-Podji. Lítà 180,000 lójúmọ́ ni wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún. Kò pẹ́ tí ohun tí àwọn ọkọ̀ ń kó wá fi ju ìyẹn lọ. Ní ti àwọn gọ́tà ńláńlá tí ìjọba ti ń ṣe láti ìparí àwọn ọdún 2010, omi òjò ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó bá darí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú wọn, inú ọ̀sà tí a ti ń pẹja ló ń dà á sí.

Torí náà, páìpù ẹ̀gbin inú ọgbà ìgbafẹ́ kì í gùn. Ó kàn ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sínú kòtò onísìmẹ́ńtì ni, omi rẹ̀ á sì ti ibẹ̀ lọ sí sọ́kàwéè, níbi tí ilẹ̀ ti ń fà á mu. Bí ó ti kúrú tó yẹn, gbogbo ẹni tó wá ṣeré nínú ọgbà ló ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Báwo ni ẹ̀gbin ṣe ń wọ inú páìpù omi?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè pé: “Bí páìpù bá lu, ṣebí omi ló máa jò jáde. Ọ̀nà wo ni ẹ̀gbin fẹ́ gbà wọlé?” Ìbéèrè tó dára ni. Nígbà tí omi bá ń sáré nínú páìpù pẹ̀lú agbára, kò sí ohun tó lè gba ihò wọlé, nítorí omi inú ń ti ti òde sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ níbi tí wọ́n ti ń tú omi, tàbí tí wọ́n pa omi láti tún nǹkan ṣe. Agbára inú páìpù á tán. Omi ẹlẹ́gbin tó yí páìpù ká lábẹ́ ilẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ihò tí omi ń gbà jáde láàárọ̀ ni ẹ̀gbin á gbà wọlé lọ́sàn-án.

Ẹ lè dán an wò nínú kíláàsì yín. Ẹ mú ike omi tó ti ṣófo, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ bu omi sínú garawa, ẹ da aró díẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ pọn omi mímọ́ kún inú ike náà, kí ẹ sì gbé e sókè: omi á tú jáde láti ojú ihò. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ wá tẹ ike òfìfo náà sínú garawa aró, kí ẹnu rẹ̀ wà lókè omi. Gbogbo yín á rí aró tó ń gba ojú ihò kan náà wọlé.

Bí omi bá tún dé, omi àkọ́kọ́ ni yóò kó gbogbo ohun tó ti wọlé wá sí ẹnu ẹ̀rọ. Ká ní ìyá kan ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọgbà, tó sì ti ń retí omi láti òwúrọ̀. Bí ó bá gbọ́ tí ẹ̀rọ ń hó, á sáré gbé garawa sí i kí àwọn yòókù tó dé. Ẹni tó mọ nǹkan á sọ fún un pé: “Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó ṣàn dànù díẹ̀ ná, kí ó mọ́, kí ẹ tó fi fọ abọ́.” Ìyá lè bínú pé wọ́n ń fi omi ṣòfò. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un.

Ọ̀nà kejì wà tí àwọn àgbẹ̀ ní láti mọ̀. Olùtọ́jú ọgbà lè ju ẹnu rọ́bà tó fi ń bomi rin òdòdó sínú dúrọ́ọ̀mù tó fi po oògùn apakòkòrò, kí ó sì lọ jókòó. Bí agbára omi bá tán lójijì, páìpù á fa ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù náà sẹ́yìn, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ẹnu fa ohun mímu. Oògùn kòkòrò á wọ inú omi mímu, láìsí pé páìpù kankan lu. Ẹnu rọ́bà kò gbọdọ̀ kan omi inú dúrọ́ọ̀mù láé. Kí ó ga jù ú lọ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan.

Ìṣòro yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1854, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tó lé ní 600 ní àdúgbò Soho láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà John Snow rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń mu omi ẹ̀rọ kan ní òpópónà Broad Street. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò. Kòtò ìgbẹ́ ilé tó wà nítòsí kò jìnnà sí kànga náà tó mítà 1, bíríkì rẹ̀ sì ti jẹrà. Ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn nínú ilé yẹn, inú kòtò náà sì ni wọ́n ń da omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ìdí rẹ̀ sí. Ẹ kíyè sí i pé kànga náà kò ní àléébù tó hàn. Àwọn ènìyàn tilẹ̀ ń yin omi rẹ̀ pé ó dùn.

Ní 1933, ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ṣe ìpàtẹ ńlá kan tí àlejò wá sí láti ibi gbogbo. Nínú hòtẹ́ẹ̀lì méjì, páìpù ẹ̀gbin tó ti gbó ń jò sínú omi mímu. Ìgbẹ́ ọ̀rìn mú àwọn àlejò, ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sí ìlú wọn kí ó tó hàn. Èyí mú kí ó pẹ́ kí àwọn dókítà tó mọ ibi tí àrùn náà ti wá. Nǹkan bí ènìyàn 100 ló kú. Ọgbà ìgbafẹ́ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó mu omi níbẹ̀ ní ọjọ́ àìkú lè máa yàgbẹ́ gbuuru ní abúlé rẹ̀ ní ọjọ́ọ̀rú, kò sì ní rántí ẹ̀rọ omi inú ọgbà.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé páìpù ti gbó

Páìpù irin ni iyọ̀ inú ilẹ̀ Kútọnu ń yára jẹ. Bí omi bá ń pọ́n bí ìpẹtà láàárọ̀, tàbí tí ẹ̀rọ tó ń tú dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń ṣe tín-ín-rín, inú páìpù ti ń dí. Bí koríko ibì kan bá tutù yọ̀yọ̀ ní oṣù kejì tí gbogbo koríko yòókù ti gbẹ, ẹ fura sí abẹ́ rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ń rùn, páìpù ẹ̀gbin ló lu. Gbòǹgbò igi fẹ́ràn páìpù ẹ̀gbin púpọ̀. Ó máa ń wá ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, á gba ibẹ̀ wọlé, á sì dí i.

Ẹ̀rọ tó ń ka omi náà lè sọ òtítọ́ fún wa. Ẹ pa gbogbo ẹnu ẹ̀rọ inú ọgbà ní aago 10 alẹ́, títí kan omi tó ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ní aago 5 ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí omi, ẹ tún lọ kà á. Bí nọ́ńbà kò bá yí, ó dára. Ṣùgbọ́n ká ní ó ti fi lítà 350 lé sí i láàárín wákàtí 7. Ìyẹn jẹ́ lítà 50 ní wákàtí kan, lítà 1,200 lóòjọ́, àti lítà 36,000 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí garawa yín bá ń gba lítà 20, garawa 1,800 ni ẹ ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù láìfi ẹnu kàn án.

Ó wọ́pọ̀ pé bí páìpù bá lu, wọ́n á gé rọ́bà táyà, wọ́n á dì í yí i ká. Fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò burú. Ṣùgbọ́n páìpù tí ẹ bá ti dì ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, owó tí ẹ ń ná lé e ti di owó páìpù tuntun. Ohun mìíràn tí kò dára lójú wa ni kí a pààrọ̀ páìpù omi nìkan, kí a fi ti ẹ̀gbin sílẹ̀ nítorí pé omi ń mú owó wọlé, ìgbẹ́ kò sì mú un wá. Páìpù omi tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ẹ̀gbin tó ń jò kò tíì kúrò nínú ewu. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, kí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ, láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fà á di oṣù kẹfà, inú omi ni yóò ti ṣiṣẹ́. Ewu kan tún wà ní ìgbà òjò tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ọkọ̀ bá fa ìgbẹ́ inú kòtò onísìmẹ́ńtì gbẹ pátápátá, tí omi sì yí i ká lábẹ́ ilẹ̀, kòtò náà lè léfòó bí ọkọ̀ ojú omi, kí ó sì já gbogbo páìpù tó so mọ́ ọn.

Ọ̀nà tí páìpù méjèèjì máa gbà gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó mítà 3. Níbi tí wọ́n bá ti gbọ́dọ̀ dábùú ara wọn, kí ti omi mímu wà lókè, kí ó sì fi sẹ̀ntímítà 45 ó kéré tán ga ju ti ẹ̀gbin lọ. Páìpù ẹ̀gbin ní láti dagun díẹ̀, nítorí kò ní agbára tó ń tì í. Fún páìpù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 10, kí ó máa lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá tẹ́jú, ìgbẹ́ á jókòó níbẹ̀. Páìpù PVC tàbí páìpù rọ́bà dúdú ni ó dára fún ilẹ̀ oníyọ̀, torí wọn kì í dípẹtà. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún omi ẹ̀gbin gbé omi mímu, nítorí ó dínwó. Agbára omi á là á.

Bí wọ́n bá bá páìpù àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti asbestos ṣe, kí wọ́n má fi ayùn rẹ́ ẹ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tó rọrùn jù ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ sínú ilẹ̀, kí wọ́n sì gba ibòmíràn.

Iyanrìn Kútọnu kì í dúró. Bí kòtò bá ti jìn ju ìbàdí lọ, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀ láì jẹ́ pé wọ́n fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Iyanrìn tútù tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní òró, ní ìbú àti ní gíga wúwo ju kílò 1,500 lọ. Bí ó bá ya lu ènìyàn títí dé àyà, kò ní lè mí. Ewu inú kòtò ìgbẹ́ tún ju èyí lọ. Afẹ́fẹ́ olóró wà nínú rẹ̀, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, imú kò ní gbọ́ òórùn náà mọ́, ẹni náà á rò pé ó ti lọ, á sì ṣubú. Ẹnìkejì á bẹ́ wọlé láti gbà á là, òun náà á ṣubú. Báyìí ni ẹni méjì tàbí mẹ́ta ṣe ń kú sínú kòtò kan ní ọjọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ní ẹ̀rọ ni.

Bí páìpù omi tuntun bá ti wà nílẹ̀, ẹ má tíì mu omi rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi ṣàn gbá iyanrìn inú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ á fi kiloríìnì kún un, mílígírámù 25 fún lítà kọ̀ọ̀kan, á sì wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 24. Kì í gba kiloríìnì púpọ̀. Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 5, tó sì gùn tó mítà 100, ń gba nǹkan bíi lítà 200 omi. Gírámù 8 kiloríìnì oníyẹ̀fun, irú èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ti tó o. Omi tí wọ́n bá dà jáde lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ lọ sí orí ẹ̀bẹ̀ ewébẹ̀ tàbí inú omi ẹja.

Ọ̀rọ̀ ewébẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní Houéyiho, nítòsí pápákọ̀ òfurufú Kútọnu, àwọn àgbẹ̀ ti gbin ewébẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi kànga tí kò jìn ni wọ́n sì fi ń bomi rin ín. Bí páìpù ẹ̀gbin bá ń jò sínú irú ilẹ̀ oníyanrìn bẹ́ẹ̀, omi ìgbẹ́ á rìn lọ sínú kànga, á gba ibẹ̀ dé orí ewé sàláàdì tí ènìyàn ń jẹ láìsè. Kí kànga àti sọ́kàwéè jìnnà síra tó mítà 30. Ibi tí àyè kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ewébẹ̀ tí a ń sè ni kí wọ́n gbìn síbẹ̀.

Kí wọ́n tó da iyanrìn padà, kí ẹnìkan ya àwòrán ibi tí páìpù gbà sórí ìwé. Kí ó kọ iye mítà tó fi jìnnà sí ògiri àti sí igi ńlá tó sún mọ́ ọn, bí ó ṣe jìn tó, àti ọdún tí wọ́n rì í. Kí ìwé kan wà ní ọ́fíìsì mẹ́ọ̀, kí òmíràn wà lọ́wọ́ olùtọ́jú ọgbà. Gbogbo ẹ̀ka páìpù àtijọ́ tí a kò lò mọ́ ni kí wọ́n gé, kí wọ́n sì dí ẹnu rẹ̀ pa, nítorí omi tó dúró sínú rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á lọ, olùtọ́jú ọgbà á yí padà, ìwé yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún 30 mọ ibi tí yóò ti ọkọ́ bọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Ẹ rìn yí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọjà yín ká. Mítà mélòó ló wà láàárín ẹ̀rọ omi tàbí kànga àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Bí ẹ̀rọ tó ń ka omi bá fi lítà 210 lé sí i láàárín aago 10 alẹ́ àti aago 5 ìdájí, tí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ sì wà ní pípa, lítà mélòó ló ń ṣòfò lóòjọ́?

Ta ló ń po oògùn kòkòrò ní oko yín, níbo ni ó sì ń gbé ẹnu rọ́bà omi sí?

Ní àdúgbò yín, ta ló mọ ibi tí páìpù gbà? Ṣé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀?